Ìgbà Wo Ni Ó Yẹ Kí A Fọ Ìbọn Ọdẹ, Kí A Sì Fi Òróró Kùn Ún?

Ọ̀rọ̀ ìbọn ni a fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí.

Ní ìparí òjò ọdún tí ó kọjá, wọ́n gbé ọkùnrin kan wá sí ọ́físì wa lórí alùpùpù. Wọ́n ti fi ìró ìyàwó rẹ̀ di ọwọ́ rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì ti rin ìró náà gbingbin. Ọ̀bọ ni ó fẹ́ lé kúrò nínú àgbàdo. Ó gbé ìbọn ṣakabùlà tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un kúrò lára ògiri, ó fi kápù sí i, ó yìn ín. Ìbọn náà kò gba ẹnu sọ̀rọ̀, ẹ̀gbẹ́ ni ó gbà. Ọ̀pá irin rẹ̀ bẹ́, ó sì mú ìka méjì lọ ní ọwọ́ òsì ọkùnrin náà.

Nígbà tí a ti gbé e dé ilé ìwòsàn, tí ara rẹ̀ sì ti balẹ̀ díẹ̀, a bi í ní ìgbà tí ó fọ ìbọn náà kẹ́yìn. Ó ní, “Tíṣà, èṣín ni, nígbà ọdún Ògún nílé.” Láti ìgbà náà, ó ti yìn ín lẹ́ẹ̀mejì, ó sì tún ti kì í lẹ́ẹ̀kẹta, ó gbé e kọ́. Oṣù mẹ́ta ni ẹ̀tù fi wà nínú rẹ̀. Láàárín oṣù mẹ́ta yẹn, agbọ́n ti fi amọ̀ kọ́lé sí ẹnu ìbọn, ìpẹtà sì ti ń jẹ irin láti inú. Kò sí ẹni tí ó wo ẹnu rẹ̀ kí ó tó yìn ín.

A kò sọ èyí láti fi ọkùnrin náà ṣe yẹ̀yẹ́. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ní kí a sọ ọ́, bí a kò bá ti dárúkọ òun. Ohun tí ó ṣe é lè ṣe ọ̀pọ̀ nínú wa. Nílé, alágbẹ̀dẹ tí ó rọ ìbọn wà ní àdúgbò, ọmọ tí yóò jogún ìbọn sì ti ń wo bàbá rẹ̀ bí ó ti ń fọ̀ ọ́ láti kékeré. Nígbà tí a kó wá sí òkè odò Ọya láti wá dáko, àwọn kan gbé ìbọn dání, ṣùgbọ́n wọ́n fi ẹni tí ó mọ̀ ọ́n tọ́jú sílẹ̀ nílé. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin kan wà nínú oko yìí tí ìbọn wà lọ́wọ́ wọn, tí wọn kò sì bá ẹgbẹ́ ọdẹ jókòó rí. Àwa náà kì í ṣe ọdẹ; ìwé ẹ̀rí tíṣà ni a ní. Apá kan nínú ohun tí a fẹ́ sọ yìí ti inú ìwé wá. Apá kejì ti ẹnu bàbá ọdẹ kan wá, tí ó wà láàárín wa, tí ó jókòó tì wá ní ìrọ̀lẹ́ mẹ́ta, tí ó tú ìbọn tirẹ̀ palẹ̀ níwájú wa.

Ìdáhùn sí ìbéèrè tí a fi ṣe àkọlé kò gùn. Ọjọ́ tí ẹ bá yin ìbọn ṣakabùlà ni ẹ ó fọ̀ ọ́. Kì í ṣe ọ̀la, kì í ṣe Sátidé tí ń bọ̀, kì í sì í ṣe ìgbà ọdún Ògún. Ẹni tí ń bọ Ògún lè tún ìbọn rẹ̀ ṣe lọ́jọ́ ọdún náà, àṣà tó dára ni. Ṣùgbọ́n ìpẹtà kò mọ ọjọ́ ọdún. Ìgbà tí a yìn ín, ìgbà tí òjò pa á, àti ìgbà tí ọwọ́ tó ń làágùn kàn án ni a fi ń ka ọjọ́ fún ìbọn.

Kí ló dé tí ó fi le tó bẹ́ẹ̀? Ẹ jẹ́ kí á wo ohun tí ẹ̀tù jẹ́. Ohun mẹ́ta ni wọ́n ń pò pọ̀ di ẹ̀tù dúdú: iyọ̀ kan tí ń jẹ́ pòtásíọ̀mù náítíréètì, èédú, àti imí-ọjọ́. Bí a bá pín in sí ọ̀nà 100, iyọ̀ náà sábà máa ń kó 75, èédú 15, imí-ọjọ́ 10. Nígbà tí ó bá gbiná, kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ó ń fò lọ. Ó ju ìdajì rẹ̀ lọ tí ó ń di èérí. Díẹ̀ nínú èérí náà ń bá èéfín jáde, ìyókù ń lẹ̀ mọ́ inú ọ̀pá irin. Èérí yìí dà bí iyọ̀ ọbẹ̀ tí a ṣí sílẹ̀ nígbà òjò, ó ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra. Omi náà àti iyọ̀ náà ni ó jọ ń jẹ irin. Ní oṣù kẹjọ tàbí oṣù kẹsàn-án, ìbọn tí a yìn ní ìrọ̀lẹ́ tí a kò fọ̀ lè ti pupa nínú kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ń fi orí ìṣáná ṣe kápù, kí ó mọ̀ pé ohun tí ó wà lórí ìṣáná máa ń fi iyọ̀ tirẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú, níbi ihò iná gan-an.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà nìyí. Wọ́n á ti oko ọdẹ dé, wọ́n á da kẹrosíìnì sínú ìbọn, wọ́n á fi òróró tẹ̀lé e, wọ́n á ní àwọn ti fọ̀ ọ́. Ẹ bu iyọ̀ sínú òróró, kí ẹ rò ó títí: yóò wà nísàlẹ̀ bí ó ti wà. Ẹ bù ú sínú omi, kò ní pẹ́ tí yóò fi yọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni èérí ẹ̀tù. Omi ni ó ń fọ̀ ọ́. Ẹni tí ó fi òróró lé èérí lórí ti ti olè mọ́ inú ilé, ó sì wá ń fi ọkàn balẹ̀ sùn.

Ṣùgbọ́n kí omi tó kan ìbọn, ẹ kọ́kọ́ mọ̀ bóyá nǹkan wà nínú rẹ̀. Ọ̀nà tí bàbá ọdẹ fi hàn wá rọrùn. Lọ́jọ́ tí ó bá dá yín lójú pé ìbọn ṣófo, ẹ ti ọ̀pá tí ẹ fi ń kì í bọ inú rẹ̀ títí yóò fi kan ìdí, kí ẹ fi ọ̀bẹ fá àmì sí ara ọ̀pá náà ní ibi tí ó bá ẹnu ìbọn dọ́gba. Láti ọjọ́ náà lọ, nígbàkígbà tí ẹ bá ti ọ̀pá bọ̀ ọ́, tí àmì náà sì yọ sókè ju ẹnu ìbọn lọ, nǹkan wà nínú rẹ̀. Ó lè jẹ́ ẹ̀tù àti ọta, ó lè jẹ́ ilé agbọ́n. Ẹ má ṣe fi ojú yọ wò ó láti ẹnu. Ẹ má sì gba ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni gbọ́ pé “kò sí nǹkan níbẹ̀”. Ọ̀pá yẹn ni kí ẹ bi. Kí ẹ sì yọ kápù kúrò kí ẹ tó ṣe ìwọ̀nyí rárá.

Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀yin fúnra yín ni ẹ kì í, tí ẹnu rẹ̀ sì mọ́, ẹ gbé e lọ sí ibi tí kò sí ènìyàn tàbí ẹran, kí ẹ yìn ín sínú òkìtì yẹ̀pẹ̀. Bí ó bá ti pẹ́ nínú rẹ̀, tàbí tí ẹ rí amọ̀, tàbí tí ẹ kò mọ ohun tí ó wà níbẹ̀, ẹ má yìn ín o. Ẹ da omi sí i kí ó rin ẹ̀tù náà dáadáa, kí ẹ jẹ́ kí ó wà bẹ́ẹ̀ di ọjọ́ kejì, kí ẹ sì gbé e lọ bá alágbẹ̀dẹ tí ó mọ iṣẹ́ ìbọn kí ó yọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹ sọ fún un pé nǹkan wà nínú rẹ̀ kí ó tó fọwọ́ kàn án. Alágbẹ̀dẹ tí a kò sọ fún lè gbé e súnmọ́ iná.

Nígbà tí ó bá ti dájú pé ó ṣófo, ẹ gbé omi kaná. Omi gbígbóná dára ju omi tútù lọ nítorí pé ó ń mú irin gbóná, irin gbígbóná sì ń tètè gbẹ fúnra rẹ̀. Bí ọ̀pá irin ìbọn yín bá ṣeé yọ kúrò lára igi, ẹ yọ ọ́. Èyí dára púpọ̀, nítorí igi tí omi bá ń wọ̀ nígbà gbogbo yóò wú, yóò sì ya. Bí kò bá ṣeé yọ, ẹ di àkísà mọ́ ibi tí òòlù àti ibi tí ìka ń fà wà, kí omi má baà wọ inú rẹ̀. Ẹ da omi díẹ̀ sí ẹnu ìbọn, ẹ fi àkísà mọ́ orí ọ̀pá, kí ẹ máa tì í wọlé, kí ẹ máa fà á jáde. Ihò iná ni ẹ ó máa wò. Bí ihò náà bá mọ́, omi yóò máa tú jáde níbẹ̀ bí ẹ ti ń ti ọ̀pá. Ní àkọ́kọ́ omi náà yóò dúdú bí ẹlú, yóò sì máa rùn bí ẹyin tó bàjẹ́: imí-ọjọ́ nìyẹn. Ẹ máa pààrọ̀ omi títí yóò fi mọ́. Ọṣẹ díẹ̀ kò burú, bí ẹ bá ti lè fi omi mímọ́ ṣàn án kúrò. Lẹ́yìn náà, àkísà gbígbẹ, òmíràn, àti òmíràn sí i, títí èyí tó bá jáde yóò fi jáde láìrin. Ẹ má ṣe sọ pé oòrùn yóò gbẹ ìyókù.

Ìgbà yìí ni òróró kàn. Ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ lójú ẹsẹ̀, nítorí irin tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fi omi gbígbóná wẹ̀ kì í pẹ́ kí ó tó pọ́n. Òróró wo? Òróró tí àwọn aránṣọ ń kán sí máṣíìnì dára, kò wọ́n, ó sì wà lọ́jà. Ẹ̀kán díẹ̀ lórí àkísà tó láti kùn inú àti òde. Epo pupa, òróró ẹ̀pà, àdín àti òrí kò yẹ ìbọn. A mọ̀ pé àwọn kan yóò bínú sí ohun tí a sọ nípa òrí, nítorí pé òun ni a bá lọ́wọ́ àwọn bàbá. Ṣùgbọ́n epo tí ó ti ara èso wá máa ń kan, ó máa ń dì, ó sì máa ń lẹ̀ bí oje igi, òòlù ìbọn á wá máa lọ́ra. Ọ́ìlì dúdú tí mẹkáníìkì tú kúrò lábẹ́ mọ́tò burú jù wọ́n lọ: èéfín, ohun kíkan àti ìyẹ̀fun irin wà nínú rẹ̀. Kẹrosíìnì lè ṣí ibi tí ó há, ṣùgbọ́n ó ń gbẹ lọ, kò sì ní dáàbò bo nǹkan kan lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀.

Òróró kò dára ní àpọ̀jù. Bàbá ọdẹ sọ fún wa pé òun rí ọmọkùnrin kan tí ó da òróró sínú ìbọn bí ẹni ń dín àkàrà. Òróró náà ṣàn sọ̀kalẹ̀ sí ìdí, ó rin ẹ̀tù tí ó kì sí i lọ́jọ́ kejì, kápù dún, ìbọn kò dún. Ọmọkùnrin náà yí ìbọn padà láti wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó dún nígbà náà. Orí ló kó o yọ, pátákó ilẹ̀kùn ni ọta bá. Nítorí náà, kí ẹ tó kì ìbọn tí ẹ fi òróró kùn, ẹ fi àkísà gbígbẹ nu inú rẹ̀, kí ẹ yin kápù kan ṣoṣo láìsí ẹ̀tù kí iná rẹ̀ lè gbẹ ihò náà. Bí kápù bá sì dún tí ìbọn kò dún, ẹ jẹ́ kí ẹnu rẹ̀ ṣì kọjú sí ibi tí kò sí ènìyàn, kí ẹ ka ení, èjì títí dé 60 kí ẹ tó sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì ìfọ̀, ẹ tún ti àkísà kan wọlé. Bí ó bá jáde pẹ̀lú àwọ̀ pupa, ìfọ̀ àná kò tó. Ẹ padà sídìí omi gbígbóná. Bí ó bá jáde ní mímọ́, ó di ọ̀sẹ̀ kan kí ẹ tó tún wò ó. Lẹ́yìn èyí, ìbọn tí a kò yìn, ẹ máa wò ó ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì nígbà òjò, kí ẹ sì máa wò ó lóṣooṣù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Nígbà ọyẹ́, kí òróró ara rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má hàn sójú. Eruku ọyẹ́ níhìn-ín ju ti ilé lọ, ó sì ń lẹ̀ mọ́ òróró, á di iyanrìn láàárín irin àti irin.

Ẹni tí ó bá ń yin ìbọn ṣakabùlà léraléra lọ́jọ́ kan, bóyá nítorí ọ̀yà tàbí ẹyẹ, kò gbọ́dọ̀ dúró di ìrọ̀lẹ́. Lẹ́yìn bí ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, ẹ ti àkísà tí a fi omi rin díẹ̀ wọlé, kí ẹ sì fi gbígbẹ tẹ̀lé e. Ìdí rẹ̀ jẹ́ méjì. Èérí tí ó nípọn kì í jẹ́ kí ọta sọ̀kalẹ̀ dé orí ẹ̀tù, bí àyè bá sì wà láàárín ẹ̀tù àti ọta, ìbọn lè bẹ́. Ìdí kejì ni pé ẹ̀ṣẹ́ná lè ṣẹ́kù nísàlẹ̀ tí ẹ kò rí. Ẹ má ṣe da ẹ̀tù láti inú ìwo tàbí ìgò tààrà sínú ìbọn. Ìwọ̀n kékeré ni kí ẹ fi bù ú. Bí ẹ̀ṣẹ́ná bá mú èyí tó wà nínú ìwọ̀n, ẹ ó fara pa. Bí ó bá mú èyí tó wà nínú ìgò, a kò mọ ohun tí a ó bá sin.

Àwọn díẹ̀ nínú wa ní ìbọn oníkátíríìjì, ẹlẹ́nu kan tàbí ẹlẹ́nu méjì. Tiwọn rọrùn díẹ̀. Ẹ̀tù tí kò ní èéfín púpọ̀, tí Paul Vieille ará ilẹ̀ Faransé ṣe ní 1884, kì í fi irú iyọ̀ tí a sọ lókè yìí sílẹ̀. Ẹ yọ kátíríìjì, ẹ ṣẹ́ ìbọn, kí ẹ wò ó láti ìdí bóyá ìmọ́lẹ̀ là á já. Àkísà tí a fi kẹrosíìnì rin, lẹ́yìn náà gbígbẹ, lẹ́yìn náà òróró fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́: ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ọdẹ ni kí ẹ ṣe é, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sì tó. Ṣùgbọ́n bí òjò bá pa á, ẹ má jókòó jẹun kí ẹ tó nù ún. Òógùn ọwọ́ pẹ̀lú iyọ̀ ni. Àwọn kan wà tí ibi tí wọ́n fọwọ́ dì mú lára ìbọn ń dípẹtà bí àwòrán ìka márùn-ún.

Níbo ni a ń gbé e sí? Nínú ìbẹ̀wò ilé dé ilé, a ti rí ìbọn nínú yàrá tí a kó ajílẹ̀ òyìnbó sí. Ẹ gbé e kúrò níbẹ̀. Ajílẹ̀ náà pẹ̀lú jẹ́ iyọ̀, eruku rẹ̀ sì ń fa omi. A ti rí i nínú àpò rọ́bà tí wọ́n so pinpin, tí omi sì ń là á nínú. A ti rí i lórí àjà ilé ìdáná. Ti àjà yìí, àwọn àgbà ní ìdí fún un, nítorí ibẹ̀ máa ń gbẹ. Ṣùgbọ́n èéfín igi ń kan irin, ẹ̀tù tí wọ́n sì máa ń kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ wà lókè iná rárá. Yàrá gbígbẹ, ibi gíga tí ọwọ́ ọmọdé kò lè tó, kí ìbọn ṣófo, kí ẹ̀tù àti kápù wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ nínú ohun tí a tì. Ẹ fi àkísà dí ẹnu rẹ̀ nítorí agbọ́n, kí ẹ sì so òwú pupa mọ́ àkísà náà kí ó lè hàn sójú, kí ẹ má baà gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n lo ìkòkò ọbẹ̀ yín fún omi ìfọbọn. Òjé wà lára ọta, ó sì wà nínú èérí náà. Ní Zamfara ní 2010, òjé tí ó wà nínú òkúta tí wọ́n ń lọ̀ láti fi yọ wúrà pa àwọn ọmọdé tí ó ju 400 lọ, eruku rẹ̀ ló ń wọ̀ wọ́n lára. Ti ìbọn kò tó ìyẹn ní púpọ̀, síbẹ̀ kí ẹni tí ó fọ ìbọn fi ọṣẹ wẹ ọwọ́ kí ó tó gbé ọmọ tàbí kí ó tó fọwọ́ kan oúnjẹ, kí ó sì da omi náà sí ibi tó jìnnà sí kànga.

Òfin Ìbọn ti 1959 ya ìbọn ṣakabùlà àti ìbọn oníkápù sọ́tọ̀ kúrò lára ìbọn oníkátíríìjì, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ó gbà pé kí a ní láìgba ìwé àṣẹ. Bí ẹ bá ń gbé ìbọn lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ, ẹ mú ìwé àṣẹ yín dání, kí ìbọn ṣófo, kí a sì yọ kápù rẹ̀.

Ó ku ìbọn tí ìpẹtà ti mú ṣáájú kí ẹ tó ka ìwé yìí. Bí ó bá jẹ́ pé àwọ̀ pupa lásán ni, omi, àkísà àti òróró lè ṣẹ́gun rẹ̀. Bí àkísà bá ń há nínú, tí ó ń ya bí ẹ ti ń fà á, ìpẹtà ti gbẹ́ ihò sí ara irin nìyẹn, òróró kankan kò sì lè dá irin tó ti lọ padà. Àwọn ìbọn kan wà tí ọ̀pá irin wọn jẹ́ páìpù omi láti ìbẹ̀rẹ̀, wọn kò nípọn tó tẹ́lẹ̀. Irú wọn, ẹ má tún kì wọ́n mọ́. Ọkùnrin tí a sọ ìtàn rẹ̀ lókè ti gbé ìyókù tirẹ̀ fún alágbẹ̀dẹ, ó fi rọ ọkọ́ méjì. Aṣọ funfun lórí igi, agolo tí afẹ́fẹ́ ń mì, àti àwọn ọmọ rẹ̀ ọkùnrin mẹ́ta ni ó fi ń lé ọ̀bọ báyìí, ó sì sọ fún wa lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá pé àgbàdo ọdún yìí kò burú.